Ikùn Ṣadé àti Aṣọ Gbígbóná

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì ní ọsibítù aládàáni kékeré kan ní Dópẹ̀mú. Ìtọ́jú ojú egbò ni mo fi ń ṣe fáàrí. Bí dókítà bá ti rán inú rán ìta tán, èmi ni mo máa ń wẹ egbò, èmi náà ni mo máa ń kìlọ̀ fún aláìsàn tó ń lọ sílé pé kó má gbé ẹrù tó wúwo.

Mo kìlọ̀ dáadáa fún Ṣadé, tíṣà tó fi iṣẹ́ abẹ bí àkọ́bí rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ló lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ìyá rẹ̀, tó wá láti Èkìtì láti wẹ ọmọ, gbé e padà wá. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú ti rin aṣọ tí a fi di egbò náà gbingbin. Mo ṣí i. Òwú inú àti ti ìta ti já, mo sì rí ìfun.

Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, tí kì í pariwo, ti dé ẹ̀yìn mi.

"Má tì í padà sínú o. Rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi iyọ̀, kó o fi bò ó. Ṣadé kò gbọdọ̀ jẹ tàbí mu nǹkan kan."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé mi ò ní kú?" Ṣadé bi mí.

"O ò ní kú." Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo kọjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, kí ló gbé?"

"Kò gbé nǹkan kan. Èmi ni mò ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé. Mo kàn ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni, kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ó ń sunkún, mo ní kó fara dà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà."

Inú bí mi, mo fẹ́ sọ̀sọkúsọ. Mátírọ́ọ̀nù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lo kìlọ̀ fún. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Ojú tì mí gan-an. Ìyá mi tẹ ikùn ẹ̀gbọ́n mi níṣojú mi nígbà tó bímọ, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn.

Dókítà fi òwú tó nípọn tún un rán. Ṣadé lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ kankan lọ sílé kí n tó bá ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àbúrò Ṣadé náà fi iṣẹ́ abẹ bímọ lọ́dọ̀ wa. Mo gbé àga, mo fẹ́ lọ bá Màmá Ṣadé sọ̀rọ̀. Mo bá wọn láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.

"Ọmọ ni kí ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀," ni Màmá ń sọ fún wọn. "Ikùn yẹn, ẹ fọwọ́ yín kúrò níbẹ̀."

Mo gbé àga mi kalẹ̀, mo jókòó, mo ń gbọ́.