Òkúta Abẹ́ Irin Reluwé

Ní Mushin, ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ títí omi fi yọ, yanrìn ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà yanrìn mìíràn. Kò sí àpáta níbẹ̀. Gbogbo òkúta tó wà ládùúgbò, àtèyí tó wà nínú ìpìlẹ̀ ilé àtèyí tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, ọkọ̀ ló gbé wọn wá. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya àwọn onílé nígbà tí Ayọ̀miídé, ọmọbìnrin kan tó háyà yàrá ládùúgbò, dìde nínú ìpàdé tó ní òun fẹ́ kí wọ́n jọ máa kó òkúta jọ.

Ayọ̀miídé kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ohun àlùmọ́nì ní yunifásítì. Iṣẹ́ tó rí ṣe ni kó máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù ní iléeṣẹ́ kan ní Yaba. Ohun tó ń bẹ̀ wọ́n fún kò le. Ẹni tó bá lọ sí ìlú rẹ̀ fún Iléyá tàbí Kérésì, kó mú òkúta kan bọ̀. Wọn yóò kọ orúkọ ìlú náà sí i lára, wọn yóò tò ó sínú yàrá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn àdúgbò, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa wá wo irú ilẹ̀ tí àwọn òbí wọn ti wá àti ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà.

"Òkúta kẹ̀?" Alága Láyí, tó ń ṣe olórí àwọn onílé, bú sẹ́rìn-ín. "Àwa ń wá gaàrí, ìwọ ń wá òkúta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Nígbà tí Iléyá kọjá, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Òkúta ẹfun dé láti Ewékorò. Ẹnì kan mú òkúta funfun tó ń dán wá láti Ìsẹ́yìn, ó búra pé lítíọ̀mù ni, ohun àlùmọ́nì tó ń pa owó ńlá, ó sì ń béèrè bóyá wọn yóò gba ọlọ́dẹ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ayọ̀miídé ní kì í ṣe lítíọ̀mù, ọkùnrin náà ò sì gbà á gbọ́ títí di òní. Ẹlòmíràn gbé èyí tó ní ó ti Àkúrẹ́ wá. Ìgbà tí wọ́n nù ún, kọ̀ǹkéré ni. Ó jọ pé ara ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ló ti já, kò rìnrìn àjò dé ibì kankan.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ náà jù ni bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Tìrìmísíyù. Gáàdì reluwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó máa ń wà ní kóòṣì tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ra iṣu àti adìyẹ lójú ọ̀nà, òkúta ni tirẹ̀. Ní tẹ́ṣàn kọ̀ọ̀kan, ó mú ọ̀kan, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ìlú sí i: Láfẹ́nwá, Òṣogbo, Ìkìrun, Ọ̀fà, Jẹ́bà, títí lọ sókè. Wọ́n kún abẹ́ ibùsùn, wọ́n kún ojú fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ Bàṣírátù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Muiz, ti fẹsẹ̀ gbá wọn títí ó fi mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú òkùnkùn. Èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù ni ti Ọ̀fà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Reluwé rẹ̀ ti gba ìlú náà kọjá láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò sun ibẹ̀ rí.

Wọ́n fún un ní odindi pẹpẹ kan. Alága Láyí ní kí wọ́n kan pátákó mọ́ òkè rẹ̀: PẸPẸ BÀBÁ GÁÀDÌ. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ iléèwé yóò wá fún ṣíṣí yàrá náà, Bàbá yóò sì dúró síwájú pẹpẹ rẹ̀ kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ti fọ fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ti sá a. Bí ènìyàn bá bi í pé kí ló fi gbogbo ìrìn ayé rẹ̀ ṣe, pẹpẹ yẹn ni yóò nawọ́ sí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òun àti Ayọ̀miídé ń to òkúta. Ọmọbìnrin náà mú ti Ọ̀fà ní ọwọ́ kan, ó mú ti Jẹ́bà ní ọwọ́ kejì, ó gbé wọn sún mọ́ fèrèsé. Ó gbé wọn sílẹ̀, ó mú ti Òṣogbo.

"Kí lo ń wò tó báyìí?" Bàbá bi í. "Ṣé wúrà wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Níbo gan-an lẹ ti ń ṣà wọ́n?"

"Ní tẹ́ṣàn."

"Ṣé ẹ máa ń wọ ìlú ni, àbí ẹ máa ń gun òkè?"

"Òkè kẹ̀? Gáàdì wo ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ gun òkè? Bí ọkọ̀ bá dúró, màá sọ̀ kalẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀, màá mú èyí tó bá wù mí láàárín irin, màá gòkè padà, màá ju àsíá. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, wọn ò rán mi níṣẹ́ òkúta."

Ayọ̀miídé gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n jọra jù."

"Wọ́n jọra? Àwọn ìbejì náà ń jọra, ìyá wọn sì mọ èyí tí í ṣe Táíwò." Bàbá sún mọ́ pẹpẹ, ó da ojú gbogbo òkúta náà dé kí orúkọ wọn má bàa hàn, ó sì fi ọwọ́ pò wọ́n. "Wò ó, màá mú ti Ọ̀fà fún ọ báyìí."

Ó nawọ́ mú ọ̀kan láìrònú. Ó yí i padà. ÌKÌRUN.

"Ojú mi ni," ó ní. Ó wá awò rẹ̀ jáde lápò, ó nù ún, ó fi sójú. Ó pẹ́ lórí èyí tó kàn, ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀. LÁFẸ́NWÁ.

Ó mú ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n kò yí i padà mọ́.

"Òkúta tí òjò àti àgbàrá bá ti gbá, etí rẹ̀ máa ń rọ̀," Ayọ̀miídé ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo ìwọ̀nyí ló mú bí abẹ, àwọ̀ kan náà, èérún dúdú kan náà nínú wọn. Wọ́n fọ́ wọn ni. Ó dá mi lójú pé ibì kan náà ni wọ́n ti fọ́ wọn, tí wọ́n wá lọ dà wọ́n sábẹ́ irin."

"Ta ló lọ dà wọ́n?"

Bàbá fi ìbínú béèrè é, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni ìdáhùn ti dé. Ó rí àwọn ọkọ̀ reluwé tó ń kó òkúta yẹn lójú ọkàn rẹ̀, àwọn tí wọ́n máa ń ṣí nísàlẹ̀. Ó rí bí òkúta ṣe ń ya wìì sórí ọ̀nà bí ọkọ̀ bá ti ń rìn jẹ́jẹ́, àti ekuru tó máa ń bo fìlà gáàdì tó jókòó sẹ́yìn. Òun ni gáàdì náà. Òun ló sin àwọn òkúta yẹn lọ sí Ìkìrun, tó sìn wọ́n lọ sí Ọ̀fà. Òun náà ló tún bẹ̀rẹ̀ ṣà wọ́n bọ̀.

Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ sílé. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó lọ bá Alága Láyí, ó ní kí wọ́n yọ pátákó náà.

"Bàbá Gáàdì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," Alága ní. "Ọmọdé ni wọ́n. Ta ló máa mọ̀? Èmi alára ò lè ya òkúta Ọ̀fà sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta Ijora."

"Èmi náà ò lè yà á. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

"Ayọ̀miídé ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò ní sọ nǹkan kan, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ làwa máa ṣe. Ṣé ẹ máa wá dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ kẹ́ ẹ ní ẹ̀tàn lẹ fi gbogbo ayé yín kó jọ?"

Bàbá yí padà, ó jáde. Ó lọ kírun Jímọ̀, ó sì padà sílé láìmọ ohun tí yóò ṣe. Ìyá Muiz wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń lọ ata. Ìró ọlọ náà ti wà létí Bàbá láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sì ka ọlọ sí òkúta rí. Ó dúró, ó ń wo ọmọ ọlọ tó ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Muiz, níbo ni ọmọ ọlọ yìí ti wá?"

"Ẹ ò mọ̀ ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ bá mi gbé e sọ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n sìn mí wá. Ṣakí ni. Lára àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ni bàbá ìyá mi ti gbẹ́ ẹ."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mo jókòó tì í. Èérún fò wọ̀ mí lójú, mo sunkún títí wọ́n fi ra àkàrà fún mi." Ó gbójú sókè. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ń wò ó báyẹn?"

"Yá mi ní ọmọ ọlọ yìí lọ́la."

"Kí n wá máa fi eyín lọ ata?"

"Ẹ̀rọ alọta wà lójú títì."

"Ẹ̀rọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ata ẹ̀rọ ń rùn bí epo mọ́tò?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ó fi omi ṣan ọmọ ọlọ náà, ó nù ún gbẹ. "Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, kó padà wálé o. Mo fẹ́ ro ẹ̀fọ́."

Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé dé ní Sátidé, pátákó PẸPẸ BÀBÁ GÁÀDÌ ti kúrò. ÒKÚTA ABẸ́ IRIN ló wà níbẹ̀. Bàbá dé fìlà rẹ̀. Ó da ojú àwọn òkúta náà dé, ó ní kí wọ́n wá mú ti Ọ̀fà fún òun. Ọmọ mẹ́ta gbìyànjú, kò sí èyí tó mú un. Nígbà náà ló sọ ìtàn ọkọ̀ òkúta fún wọn, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Bàbá," ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mabel nawọ́ sókè, "ṣé ẹ̀yin lẹ kó wọn lọ, ẹ̀yin lẹ tún kó wọn bọ̀?"

"Èmi náà ni."

Yàrá náà gbọ̀n fún ẹ̀rín. Bàbá dúró, ó ń retí kí ẹ̀rín náà dùn ún. Kò dùn ún tó bó ti rò. Ọmọ mìíràn ti ń béèrè pé níbo wá ni wọ́n ti fọ́ òkúta náà.

"A ò tíì mọ̀," ni Ayọ̀miídé dáhùn. "Ìyẹn la máa wádìí."

Bàbá wá gbé ọmọ ọlọ sókè. "Èyí, a mọ̀. Ṣakí. Bàṣírátù ló mú un wá." Ó gbé e fún wọn kí wọ́n fọwọ́ kàn án, bó ṣe dán níkùn tó sì rí págunpàgun lẹ́yìn. Ayọ̀miídé fi àwọn ìlà funfun àti dúdú tó rọ́ wọnú ara wọn hàn wọ́n. Ọmọkùnrin kan gbóòórùn rẹ̀, ó ní ata ló ń rùn.

Àwọn ọmọ kò tíì lọ tán tí Ìyá Muiz fi yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá Muiz, ata mi ti ń gbẹ."

Bàbá gbé ọmọ ọlọ lé e lọ́wọ́. "Tó bá di Iléyá tó ń bọ̀," ó sọ fún Ayọ̀miídé, "mò ń lọ sí Ọ̀fà. Màá sùn níbẹ̀. Màá gun òkè."

"Pẹ̀lú eékún yín yẹn?" Ìyá Muiz bi í. Ó ti ń lọ. "Èmi náà ń bá yín lọ ni, kẹ́ ẹ má bàa tún lọ ṣa òkúta abẹ́ irin bọ̀."