Ikùn Méjì Tí Ó Kọ Wàrà ní Ìlọrin

Àkùkọ kò tíì kọ ẹ̀ẹ̀kejì nígbà tí mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, tí mo jáde nílé wa ní Òṣogbo. Ìyàwó mi, Ìyá Rábí, gbé fìtílà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní, "Bàbá Rábí, ẹ wo ọmọ yẹn kí ẹ tó wo ìlú." Ó mọ̀ mí dáadáa. Tí mo bá dé ibi tí n kò dé rí, ilé ìdáná wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń yọjú sí.

Ọmọ tí ó ń wí ni Jímọ̀, ọmọ tí Rábíátù ọmọ wa bí sílé ọkọ ní Ìlọrin. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ó ti pé ọmọ ọdún kan ààbọ̀, kò rìn, kò sì fẹ́ dìde. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru kò sì dá lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe tí ó fi kú. Àwọn kan ti ń pè é ní àbíkú. Tí èyí náà bá lọ, n kò mọ ojú tí n ó fi wo Rábí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, torí pé orí ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Kúùkù ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi se oúnjẹ fún òyìnbó kan tí ó ń wọn ilẹ̀ ojú irin. Búrẹ́dì tí mo bá yan, ẹni tó ń kọjá lọ á dúró gbóòórùn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé èmi tí mo ń yan án kì í lè jẹ ẹ́. Tí mo bá bu díẹ̀ jẹ, ikùn mi á wú. Tí mo bá mu wàrà inú agolo òyìnbó, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa wá mi. Mo dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lóṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bákan náà ni. Mo wá ń fún ọ̀fìo mu bíi wàrà ní kọ̀rọ̀, mo sì ń fi ìrẹsì ṣe àkàrà tèmi. Ta ni ó fẹ́ gba kúùkù tí ń sá fún ìkòkò ara rẹ̀? Mo pa ẹnu mi mọ́. Títí di òní, ará Òṣogbo tó bá ti Èkó dé, búrẹ́dì ni yóò rà bọ̀ fún mi. N ó dúpẹ́, n ó gbé e wọlé, adìẹ ni yóò jẹ ẹ́.

Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin nígbà náà ni. Kíláàsì kẹta ni mo wọ̀, pákó lásán ni ìjókòó ibẹ̀, ìdí mi sì jẹ́rìí sí i. A kọjá Ìkìrun, a kọjá Òkúkù, iná wẹ́wẹ́ ń ta láti iwájú ọkọ̀, ó ń jó aṣọ àwọn tó yọ orí síta. Ní Ọ̀ffà ọkọ̀ dúró mu omi, ó sì pẹ́. Àwọn obìnrin gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá sí ojú fèrèsé, àkàrà mẹ́rin ní kọ́bọ̀ kan. Mo jẹ ẹ́ tẹ́rùn, torí pé ẹ̀wà kò bá mi jà rí.

Oníṣòwò obì kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin jókòó tì mí. Ó béèrè ibi tí mò ń lọ, mo ní ilé àna mi.

Ó ní, "Ẹ ó mu fùrá títí ẹ ó fi gbàgbé orúkọ yín."

Mo ní, "Tí n kò bá mu ún ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ohun tí kò yẹ. Ó ní, "Àna kọ fùrá àna? Ẹ ti kọ onílé nìyẹn."

Ní Òṣogbo tiwa, omi tútù àti obì ni a fi ń gbàlejò, ẹni tí òùngbẹ kò bá sì gbẹ á fi ẹnu kan omi kó sọ ọ́ sílẹ̀. Fùrá kò rí bẹ́ẹ̀. Jéró ni wọ́n ń gún, wọ́n á sè é, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á wá pò ó mọ́ nọ́nọ̀, ìyẹn wàrà màlúù tó ti kan. Igbá odidi ni wọ́n ń gbé fún àlejò, wọ́n á sì dúró wò ó.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí a dé Ìlọrin. Ẹni tó bá mi gbé àpò ń fẹsẹ̀ yára, èmi ń wo ìlú. Ilé alámọ̀ pupa tí a fi koríko bò ló kún ibẹ̀, ohùn àwọn ọmọ tó ń ka wàláà sì ń jáde láti ojúlé dé ojúlé. A gba etí Ọjà-Ọba kọjá. Níbẹ̀ ni mo ti rí àlìkámà nínú àpò awọ, ọkà tí àwọn ará Kánò ń gbé sọ̀kalẹ̀, òun kan náà ni òyìnbó ń lọ̀ fi ṣe búrẹ́dì. Mo yára kọjá rẹ̀.

Sáídù ọkọ Rábí ti bá ọjà iyọ̀ lọ sí ọ̀nà Bídà. Ìyá rẹ̀ ni ó gbà mí. Ìyá Gáà ni wọ́n ń pè é, torí pé gáà ni wọ́n bí i sí, àgọ́ àwọn Fúlàní olómàlúù lẹ́yìn ìlú. Ó ṣì ní màlúù níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé wàrà wá fún un láràárọ̀. Obìnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ojú rẹ̀ sì tutù. A kí ara wa títí, ilé, ọ̀nà, ìyàwó, ara líle. Lẹ́yìn náà ni ó fúnra rẹ̀ gbé igbá kan wá, igbá fífín tí etí rẹ̀ ti dán, fùrá ló kún inú rẹ̀. Ó tún gbé gúráásà tì í, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi àlìkámà yan.

Mo wo igbá, igbá wò mí. Ìyá Gáà dúró. Mo mu ún tán. Mo jẹ gúráásà méjì lé e, mo sì dúpẹ́.

Ìgbà yẹn ni Rábí gbé Jímọ̀ jáde. Orí rẹ̀ tóbi lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ le koko, kò sì bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Rábí jókòó, ó bu gúráásà, ó rì í sínú wàrà, ó sì ń fi sí i lẹ́nu. Mo wá béèrè pé ìgbà wo ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ìgbà tó hu eyín, bàbá. Ìgbà tó jẹ́ pé ọmú nìkan ló ń mu, ara rẹ̀ ń dán ni."

Mo mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà níbẹ̀ yẹn. N kò sọ ọ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ igbá kan, kí n wá ní ohun tó wà nínú igbá ló ń pa ọmọ? Mo bá wọn jókòó, mò ń dáhùn nǹkan tí wọ́n ń bi mí, ọkàn mi kò sí níbẹ̀.

Ikùn mi kò bá mi mọ ẹ̀kọ́ ilé àna. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, mo ti lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi kò gbé ìdìde. Ìyá Gáà gbọ́, ó gbé igbá kan náà wá, wàrà gbígbóná ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ mu ún, àna mi. Wàrà ni oògùn inú tó bàjẹ́. Bí ọmọ náà bá ti yàgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi kún tirẹ̀."

Ojú mi là. Ó ń fi ìfẹ́ pa á lọ ni, kò sì mọ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ foríjì mí. Ìwọ̀nyí gan-an ni kò jẹ́ kí ara ọmọ náà yá, wàrà àti àlìkámà. Àwọn náà ló dá èmi dùbúlẹ̀ yìí."

Ó sọ igbá kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní, "Wàrà ni wọ́n fi tọ́ mi. Òun ni mo fi tọ́ Sáídù. Àlìkámà tí mò ń rà fún ọmọ yẹn, èmi gan-an kì í jẹ ẹ́ àfi lọ́jọ́ ọdún. Ẹ ní mò ń pa ọmọ ọmọ mi?"

"Kò sí ohun tó ṣe wàrà yín. Ikùn ìdílé tèmi ni. Lọ́dọ̀ mi ló ti gbé e wá."

Ó ní kí Rábí gbé ọmọ wá. Ó fi ìka lu ikùn rẹ̀, ó dún kò-kò. Ó ní, "Ẹ lu tiyín." Ẹ gbà mí, mo ká bùbá mi sókè níwájú àna mi obìnrin, mo lu ikùn mi. Ohùn kan náà ló dún. Rábí gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Gáà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọjọ́ méje. Tí kò bá yí padà, n ó gbé igbá mi padà fún un, ẹ kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì tí ara mi gbé e, mo lọ sí ọjà Ipata, mo ra ọ̀fìo, ìrẹsì àti jéró. Mo rẹ ọ̀fìo, mo gún un, mo fi aṣọ funfun fún un, omi rẹ̀ sì jáde ní funfun báláú. Mo fi pò fùrá jéró. Àwọn obìnrin agbo ilé wá dúró ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ọ̀kan ní, "Àna Ìyá Gáà, ṣé ìyàwó lẹ wá ṣe nílé wa ni?"

Mo ní, "Ẹ bá mi wá ọkọ, kó ṣáà ti máa jẹun dáadáa."

Jímọ̀ fẹnu kàn án, ó yí ojú padà, ó tún ya ẹnu. Mo ṣe ti ẹ̀pà náà wò, ó wúwo sí i nínú, mo fi ìyẹn sílẹ̀. Ògì ọkà bàbà bá a lára mu. Ní ọjọ́ kẹta ìgbẹ́ rẹ̀ ń ki. Ní ọjọ́ kẹrin ó tún bẹ̀rẹ̀ padà, bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan. Ìyá Gáà fọ igbá rẹ̀, ó gbé e sítòsí.

Mo bi Rábí léèrè gbogbo ohun tí ọmọ náà jẹ. Ó ní máásà nìkan ni òun rà kún un, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń dín ní Ipata. Mo dìde, Ìyá Gáà dìde tẹ̀lé mi. A bá obìnrin tó ń dín in nídìí agbada.

Mo ní, "Ìyá, kí ni ẹ fi ṣe é?"

"Ìrẹsì ni."

"Ìrẹsì nìkan?"

"Mo bu ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà kan sí i, kó má baà fọ́."

Ìyá Gáà dúró wo agbada náà. Ẹ̀kúnwọ́ kan nínú odidi ìkòkò! Tó bá ṣe pé ó fẹ́ jàre mi ni, ì bá ti padà sílé dákẹ́. Ó ra ìrẹsì fúnra rẹ̀, ó ní òun ni yóò lọ̀ ọ́. Lójú ọ̀nà ó ní, "Ọjọ́ tí a ti kà kò sí mọ́. A ó tún un kà láti oókan."

Láti ìgbà náà, ó gba odó lọ́wọ́ mi. Ọ̀fìo tí òun fún dára ju tèmi lọ, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn obìnrin yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ikùn Jímọ̀ ti rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyá àgbà rẹ̀ ń gún nǹkan, ó di etí odó mú, ó dìde dúró. Ìyá Gáà fi ọmọ odó sílẹ̀, ó ní "Alihamudulilahi" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ń sunkún.

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí n lọ, Rábí jókòó tì mí, ó ń fún ọ̀fìo. Ó ní, "Bàbá, èyí tó lọ ńkọ́? Ohun kan náà ni?"

Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sì ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ti ikùn mi ni mo mọ̀. N kò mọ̀ pé ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti sọ ọ́ nílé, ìwọ ì bá rántí."

Ó ń fún ọ̀fìo rẹ̀ lọ, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó dùn mí títí di ìsinsìnyí, n kò sì ní parọ́ pé yóò tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Gáà gbé igbá fífín yẹn lé mi lọ́wọ́, ọ̀fìo gbígbẹ ló kún inú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ló fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ wá sílé ọkọ. Wàrà nìkan ló ti ń gbé. Ẹ gbé e fún ìyàwó yín."

Ìyá Rábí ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó dé Òṣogbo tán. Ó ní, "Ọmọ ńkọ́?" Mo ní, "Ó ti dìde." Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Àwọn ará ilé rọ́ wá kí mi, aládùúgbò wa kan tó ti Èkó dé sì gbé búrẹ́dì kan tì mí. Ó ní, "Kúùkù, oúnjẹ yín rèé."

Mo ní, "Ẹ ṣé. N kò lè jẹ ẹ́. N kò lè jẹ ẹ́ rí." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ níṣojú wọn, ti búrẹ́dì, ti wàrà, ti ọmọ tó kú àti èyí tó dìde.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Rábí gbé igbá náà lé ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa etí rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé adìẹ ni ẹ ń fún ní búrẹ́dì yẹn. Ìgbéraga ni mo pè é. Mo rò pé ẹ rò pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yan tó yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ǹ bá ti bi yín."

A jókòó bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó da omi sórí ọ̀fìo, ó ní, "Ẹ wá ìwé kẹ́ ẹ kọ ohun tí irú ikùn yín kò gbà sílẹ̀. Rábí ṣì máa bímọ sí i."