Pàṣípààrọ̀ Tí Mi Ò Dìde Fún

Ariwo bàtà lórí sìmẹ́ńtì ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, lẹ́yìn náà ni òtútù tó máa ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn onírin wọlé láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead West ni ìjọ wa ń lò nígbà náà, kò jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó lò ó ṣáájú wa fi agbọ̀n básíkẹ́tì méjì sílẹ̀ lára ògiri, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bó bá di Sọ́ńdè, a ó ta aṣọ funfun bo ti iwájú kí pásítọ̀ má baà máa wàásù lábẹ́ àwọ̀n. Bó bá di ọ̀sán Sátidé, a ó ká aṣọ yẹn kúrò, a ó to àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn obìnrin ìjọ wa á sì bá àwọn obìnrin ìjọ mìíràn figagbága.

Èmi kì í gbá bọ́ọ̀lù o. Òǹwòran ni mí, ṣùgbọ́n òǹwòran tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òṣogbo ni mo ti wá, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ kí n tó gba fíísà olùtọ́jú arúgbó wá sí London. Oṣù méje péré ni mo fi wo básíkẹ́tì tí mo fi di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀. Mo ń kọ́ rẹfirí níṣẹ́, mo ń kọ́ àwọn tó ń gbá a níṣẹ́, mo sì ń bú àwọn tó jókòó tì mí pé wọn ò pariwo tó. Bí mo bá rántí ara mi nígbà yẹn, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, ṣùgbọ́n n kò ní tọrọ àforíjì. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú ilé onílé lọ́sẹ̀. Sátidé ni ọjọ́ ẹnu mi.

Nínú àwọn márùn-ún tó ń gbá a fún wa, ọ̀kan wà tí a ń pè ní Adènà. Ọmọ Èkìtì ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀, iṣẹ́ olùtọ́jú bíi tèmi lòun náà ń ṣe. Yàrá kan ló ń gbé ní Connaught Estate, kò sì ní ẹbí kankan ní gbogbo ìlú náà. Àtibi iṣẹ́ ló ti máa ń wá, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, á wọ inú ilé ìyàgbẹ́ lọ pààrọ̀, á jáde, á sì lọ dúró síwájú ẹni tó bá le jù nínú àwọn alátakò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí bọ́ọ̀lù má wọ agbọ̀n wa. Kì í ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e fún un, ẹlòmíì ló máa ń sáré gbé e fún. Nígbà tí eré bá parí, àwọn tó ju bọ́ọ̀lù wọlé la ó gbé sókè, àwọn la ó kọ́kọ́ bu ìrẹsì fún. Adènà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àga fún ìsìn ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìjọ kan láti Woolwich nà wá bí ẹní na ẹ̀wù tó kún fún eruku. Wọ́n ní atamátàsé kan, onídìrí ni ọmọbìnrin náà níṣẹ́ ọwọ́, ibi yòówù kó dúró sí, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á wọlé. Orí mi gbóná. Inú bọ́ọ̀sì tó ń gba Yarnton Way ni mo wà tí mo fi kọ ọ́ sí gúrúùpù àwa òǹwòran lórí fóònù pé: "Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní Adènà, kí wọ́n fún wa ní onídìrí yẹn. Ọwọ́ ẹ̀yìn la ní, ọwọ́ iwájú la ń wá. Látìgbà tí Adènà ti dé, mélòó ló jù wọlé?" Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ogun. Àwọn àgbà wa ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi nìkan kọ́ ni mo mú un bá ṣáá.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lágbára ni pé ìdíje wa fàyè gbà á. Bí ìjọ méjì bá fohùn ṣọ̀kan kí ìdíje tuntun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè fi ẹnìkan gba ẹnìkan, ẹni tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ á máa lọ jọ́sìn níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Woolwich ní àwọn gbà, atamátàsé mẹ́ta làwọn ní, àwọn ò ní ẹni tó lè dí ọ̀nà. Alága àwa òǹwòran, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Alága, inú rẹ̀ dùn dé ọ̀run. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ohùn rẹ̀ sì tó èyí tí yóò dá èrò padà láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù tó wọlé ni wọ́n ń kà! Ta ló ti gba ife ẹ̀yẹ rí torí pé ó na ọwọ́ sókè?" Mọ́mì kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì dá a lóhùn pé, "Ilé tí kò nílẹ̀kùn, kí lẹ fẹ́ kó ẹrù síbẹ̀ fún?" Ẹ gbọ́ ohun tí èmi sọ o. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, bọ́ọ̀lù ò yé yín." Èmi olóṣù méje!

Dádì Alága ní kí n kọ gbogbo ohun tí Adènà bá ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀ sílẹ̀, kí gbogbo ìjọ lè fojú ara wọn rí òfìfo. Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Ìwé kékeré tí mo fi ń kọ iṣẹ́ àwọn arúgbó mi ni mo mú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ ọ́ sí wa létí: ohun tó o ò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, kì í fo nǹkan kan. Mo kọ "òdo" sókè ìwé, mo rẹ́rìn-ín, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀. Alátakò fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, Adènà na ọwọ́, kò lè jù ú mọ́: mo kọ ọ́. Òmíràn fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó bá Adènà níbẹ̀: mo kọ ọ́. Wọ́n ju ọ̀kan, ó fi ọwọ́ gbá a dànù: mo kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi, mo ti kún ojú ewé méjì, mo sì ń ṣí ẹ̀kẹta. Mo wo "òdo" tí mo kọ sókè yẹn. Etí mi gbóná.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ó tó wọ̀ mí lára pátápátá. Mo wà lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan ní ẹ̀bá Yarnton Way. Ọmọ rẹ̀ pè, ó béèrè bí ọjọ́ ṣe lọ, mo ní kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ó dára, ó pa fóònù. Mo dúró sójú kan. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ kẹ̀! Ta ló nu omi ilẹ̀ balùwẹ̀ kí ìyá náà tó wọ ibẹ̀? Ta ló gbé àpótí kúrò lọ́nà? Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ta ló ń kí ẹni tó da omi? Ọdún méjì ni mo ti ń jẹun lórí ohun tí mi ò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, èmi náà ni mo wá ń béèrè pé mélòó ni Adènà jù wọlé. Inú bí mi sí ara mi débi pé mo gbàgbé tíì tí mo fẹ́ ṣe fún ìyá náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà mo bá Adènà pàdé ní ibùdókọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, bó ṣe máa ń ṣe, àwọn òyìnbó ń wò wá. Ó ní, "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni wọ́n fẹ́ fi mí gba ẹlòmíì?" Mo ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo sọ "wọ́n" yẹn pẹ̀lú ẹnu mi, ojú ò tì mí. Ó ní, "Níbi iṣẹ́, tí mi ò bá wá, wọ́n á pe ẹlòmíì. Nínú ilé, èmi nìkan ni. Ìjọ yìí nìkan ni wọ́n ti máa ń béèrè mi tí mi ò bá wá." Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó wọ̀ ọ́. Mi ò lè sọ pé èmi ni mo dáná tí wọ́n fẹ́ fi sè é.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìjọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa fún yín. A kì í díbò. Pásítọ̀ á sọ ọ̀rọ̀, á ní ká dìde fún àdúrà ìfohùnṣọ̀kan, gbogbo wa á dìde, ó parí. Bí ẹnìkan bá jókòó, ọ̀rọ̀ náà ò lè lọ síwájú. Òfin ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò jókòó rí. Ta ni yóò jókòó kí ojú ọgọ́rùn-ún èèyàn máa jẹ ẹ́ lẹ́yìn?

Mo kọ́kọ́ tọrọ àyè, mo ka ìwé mi sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, ojú ewé mẹ́fà. Dádì Alága rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "Sístà, ìwé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lo kà fún wa." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "Ṣebí ìwọ náà lo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lórí fóònù?" Adènà wà lẹ́yìn, ó gbọ́. Mo ní, "Èmi ni, sà. Mo ṣìwà hù. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Ó ní ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ ni. Pásítọ̀ ní ó tó, ká dìde.

Wọ́n dìde. Gbogbo àga ń dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mọ́mì nọ́ọ̀sì pàápàá dìde, nítorí àlàáfíà. Mo wẹ̀yìn wò. Adènà náà dìde. Ó dìde fún àdúrà tí wọ́n fẹ́ fi lé e lọ, ó di ọwọ́ méjèèjì mú níwájú bí ọmọdé tí wọ́n ń bá wí, torí pé kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Háà! Mo fi ọwọ́ méjèèjì di abẹ́ àga mú.

Obìnrin tó wà nítòsí mi fà mí láṣọ. "Sístà, ẹ dìde jàre. Ṣé Ọlọ́run lẹ fẹ́ bá jà ni?"

"Rárá o. Pàṣípààrọ̀ ni mò ń bá jà."

Pásítọ̀ béèrè bóyá ara mi ò yá. Mo ní, "Ara mi yá gan-an, sà. Mi ò fohùn ṣọ̀kan ni." Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín, òógùn bo ẹ̀yìn mi nínú òtútù yẹn. Ṣùgbọ́n ìdí mi ò kúrò lórí àga. Dádì Alága pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì bí ẹní ń pe ọmọ olè. Mo ń wo aṣọ funfun tó bo agbọ̀n. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àga kan dún, Mọ́mì nọ́ọ̀sì ti rọra padà jókòó. Ó ní, "Orúnkún mi ti ń bẹ̀ mí látijọ́." Pásítọ̀ mí kanlẹ̀, ó pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí a parí. Adènà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga bó ṣe máa ń ṣe, ó ń tò wọ́n lórí ara wọn, títí ó fi kan tèmi. Mo fẹ́ dìde kó lè mú un. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Ó ní, "Ẹ má dìde, mà." Ó kó gbogbo àga ilé náà tán, ó fi ẹyọ tèmi sílẹ̀.

Ẹ má rò pé a gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún náà. A ò gbà á. Àmì méjì péré ni ìjọ Woolwich fi lù wá ní eré àṣekágbá, onídìrí yẹn ló sì jù ú wọlé. Dádì Alága ò jẹ́ kí n gbàgbé. Ọdún ti gorí ọdún, wọ́n ti gba ilé ìkẹ́rùsí yẹn lọ́wọ́ wa, a ti kó lọ síbòmíì, Adènà ti di nọ́ọ̀sì, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà. Síbẹ̀, bí Dádì Alága bá rí mi, á ní, "Sístà, ká ní o dìde lọ́jọ́ yẹn ni, ife ẹ̀yẹ ì bá wà nílé." Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Mo ti rò ó síwájú, mo ti rò ó sẹ́yìn, ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí Adènà ò bá wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ṣoṣo, ó kéré tán ogójì èèyàn á béèrè rẹ̀, Dádì Alága ló sì máa ń kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé lọ́la, kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi gbé àga wá.