Ẹni Tó Ń Wá Ìlẹ̀kùn Lẹ́yìn Ilé Alágogo

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi irú ìtàn báyìí rẹ́rìn-ín rí. Olùkọ́ jógíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì ka ọ̀rọ̀ òkú tó ń rìn kún rárá. Ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Ilé kan wà ní Arámọkọ, lójú títì tó lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́ ọ. Ó ti pẹ́ ní Èkó, ó ti rìn dé Ìbàdàn, ojú rẹ̀ sì ti là ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rí àwọn òpó gbàgìdì tó wà ní gbọ̀ngán Mápó, ó ní òun fẹ́ irú ẹ̀. Ó rí àwọn ilé onígíláàsì tó wà ní Màrínà, ó fẹ́ ìyẹn náà. Ó wá gbé agogo ńlá kan sórí gbogbo rẹ̀, agogo tí aago rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu láyé.

Ó ní àmì ìlú nìyẹn, pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Arámọkọ, ilé òun ni wọn yóò máa rántí.

Àmì ìlú! Ìlú tí òkè ti yí ká láti ìwáṣẹ̀ ló ń wá àmì fún. Ọ̀bọ ń ṣe bí ọ̀bọ, ó ní òun lajú.

Ibi tó kọ́ ọ sí gan-an ni kí ẹ fọkàn bá lọ. Ilé bàbá wa ló wó. Inú yàrá bàbá nínú ilé náà la sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe ní agboolé wa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyá wa sì ti yàn fún ara rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún wa títí ó fi di orin: "Ẹ̀gbẹ́ bàbá yín ni kí ẹ tẹ́ mi sí o."

Nílé wa, bí èèyàn bá fẹ́ wó ilé tí òkú sùn sí, ọmọ tó fẹ́ wó o ni yóò wọlé, tí yóò pe olóògbé lórúkọ, tí yóò sọ fún un pé a fẹ́ tún ilé ṣe, ibi báyìí ni ìlẹ̀kùn tuntun yóò wà. Ẹlòmíràn kò lè bá a sọ ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹbọ, kò sí adìyẹ.

Àbúrò mi ní òun kò lè máa bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú kọngílá. Ìyá bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, kọnkéré ò létí."

Ni wọ́n bá da kọnkéré, wọ́n fi táìsì tó ń dán bò ó. Ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí agboolé, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i pa. Wọ́n wá kọjú ilé sí títì, kí àwọn tó ń lọ wẹ̀ ní omi gbígbóná Ìkọ́gòsì lè máa dúró ya fọ́tò. Ẹ wá wo àgbà èèyàn tó ń dì mọ́ òpó, tó ń ṣẹ́nu ṣùtì sí kámẹ́rà! Ní ti ìyá, àbúrò mi ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun yóò bá a wá àyè ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni mo ń bá àbúrò mi ṣọ́ ilé náà lọ́sàn-án, torí kò rí ẹlòmíràn fọkàn tán. Lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ mú débi pé òkè Ẹ̀fọ̀n ò hàn mọ́. Kò sí ẹni tó dúró ya fọ́tò. Mo wá gbọ́ ìró ọwọ́ lára ògiri ẹ̀yìn. Kì í ṣe kíkàn o. Ó ń táràrà ni, bí ẹni tó jí lóru tó ń wá ibi tí ìlẹ̀kùn wà.

Mo ní ewúrẹ́ ni. Mo yí ilé po.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló dúró níbi tí wọ́n dí pa, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Eruku sìmẹ́ǹtì funfun ní èjìká rẹ̀ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta lẹ̀ ń wá?"

Kò wẹ̀yìn. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ulé mi dà?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tó sọ mí lórúkọ ni. 

Ó sún sẹ́yìn, ó gbójú sókè wo ilé náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi agogo. Ó wò ó, ó wò ó. Ó wá pòṣé. Òṣé tó máa ń pa nígbà tí a bá kọ ebè ní ìkọkúkọ ni. Kí n má parọ́ fún yín, bí ẹ̀rù ti bà mí tó, òṣé yẹn dùn mọ́ mi nínú.

"Ulẹ̀kùn dà?" ló tún ní. "Mo fẹ́ tẹ́ ẹní de ìyá rẹ."

 Mo nawọ́ sí apá títì. Ó rìn lọ sí iwájú, mo tẹ̀ lé e. Ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì ńlá náà. Nínú gíláàsì, èmi nìkan ni mo rí. Ó táràrà títí, kò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn nìyẹn, ló bá padà sẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ògiri nìkan ló kù.

Mo sáré lọ bá ìyá wa nílé mi. Ó ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ díẹ̀. Mo bá a tó jókòó lórí ibùsùn, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Mi ò tíì yanu tó fi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ṣé ó rí ulẹ̀kùn?"

Mo ní rárá.

Ó tú gèlè, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Mo pe àbúrò mi. Ó rín ẹ̀rín, ó ní òun yóò fi iná kún iná ẹ̀yìn ilé. Orí ẹja!

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ńlá, tí ẹ ń wo àwòrán ilé gogoro lórí fóònù, tí ẹ sì ń wọn ilẹ̀ bàbá yín, ẹ pe ẹni tó sùn síbẹ̀ kí ẹ tó gbé òòlù. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ má kọ́ ọ.

Títí di àárọ̀ yìí, ìyá wa kò jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò kú. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun máa gbà wọlé.