Ìgbátí Tí A Pàtẹ́wọ́ Fún

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalou, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní eré orí ìtàgé kì í jẹ́ ká wo eré lásán. Bí a bá wò ó tán, ohun tí ojú wa rí la ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ká tó sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Ó kọ́ wa pé bí wọ́n bá gbá èèyàn létí lórí ìtàgé, ọwọ́ kì í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí wọ́n gbá ló ń rọra pàtẹ́wọ́ kó lè dún.

Ó kó wa lọ wo eré kan ní Bantè. Ọkọ àti aya ni wọ́n ń ṣe, tọkọtaya náà sì ni wọ́n nílé. Ọkọ gbá a létí, ó tún gbá a, ó fi orí rẹ̀ sọ òpó, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, a pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Olùkọ́ wa pàápàá pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo fi ìgbéraga kọ ọ́ pé: "Obìnrin yìí mọ eré ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di òpó mú, síbẹ̀ ìgbátí ń dún." Òmùgọ̀ ni mí, mo rò pé mo ń yìn ín ni. Olùkọ́ kà á dé ibẹ̀, ó ní, "Ta ló wá ń pàtẹ́wọ́ fún un?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù, ó di Gouka níbi tí wọ́n ń gbé.

Ọ̀nà jíjìn la ti ń gbọ́ igbe obìnrin náà. Àwọn aládùúgbò jókòó, wọ́n ń bẹ iṣu. Wọ́n ní, "Eré ni wọ́n ń dánra wò." Ọmọ odó ni ọkùnrin náà fi ń lù ú nínú àgbàlá. Olùkọ́ wa bẹ́ sí àárín wọn, ọmọ odó sì ṣẹ́ ẹ lápá kó tó rí ọkùnrin náà gbé ṣubú. Obìnrin náà yè é, ṣùgbọ́n etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ mọ́.

Ayé ti yàtọ̀. Lónìí, bí wọ́n bá ń lu èèyàn, fóònù lẹ̀ ń nà sókè láti fi ya fídíò, mo sì máa ń bú yín. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá mo pàdé obìnrin náà lọ́jà Savalou, ó ti darúgbó. Mo ní mo bẹ̀ ẹ́, kó foríjì mí nítorí àtẹ́wọ́ tí a pa ní Bantè. Ó yí etí òsì sí mi, ó ní, "Mo ń retí pé kí ẹnìkan dìde. Ẹ pọ̀ tó láti dìde."