Ẹni Tí Yóò Bá a Pààrọ̀ Ife

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Olómi fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi kó tó fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, á bu omi sínú ìgò kékeré, á kán oògùn sí i, á wo àwọ̀ tó bá yọ, kó tó fọwọ́ sí i pé ó ṣeé mu. Kò síbi tí omi yẹn kò dé, àfi ọ̀fun ìyàwó rẹ̀.

"Omi ẹ̀rọ yín ń rùn bí aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kẹ́míkà fọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. Omi inú ike ló ń rà, páálí kan lọ́sẹ̀.

"Òórùn oògùn lásán ni," ọkọ á fèsì. "Jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, gbà á sínú jọ́ọ̀gì, má dé e. Tó bá fi máa dọ̀sán, o ò ní mọ ìyàtọ̀."

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ ò lè dá ẹjọ́ ara yín."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn fún ogójì ọdún, títí ikú fi mú ìyàwó lọ. Ó di oṣù márùn-ún báyìí. Ike mẹ́rin ṣẹ́ kù nínú páálí ìkẹyìn. Bàbá kò mu wọ́n, kò sì kó wọn dànù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, tí ilé dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀, ó pinnu pé òun yóò parí iyàn náà. Ó ti gba omi ẹ̀rọ kalẹ̀ láti àárọ̀. Ó mú ife méjì tó jọra, ó da omi ẹ̀rọ sí ọ̀kan, ó ṣí ike, ó da tirẹ̀ sí èkejì. Ó dijú, ó ń yí wọn kiri lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé èyí tó wà níbo. Ó tún un ṣe, pàbó ló já sí. Ìgbà náà ló yé e pé ìdánwò yìí kò ṣeé dá ṣe. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ife, kò sì sí ẹlòmíì nílé.

Ó jókòó pẹ́ kó tó dìde lọ kan ilẹ̀kùn ìyá aránṣọ tó ń gbé òdìkejì ògiri. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń pàdé lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kúùrọ̀lẹ́" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ wá bá mi pààrọ̀ ife."

Obìnrin náà, tó fi tẹ́ẹ̀pù kọ́rùn, wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Omi ni. Ti ẹ̀rọ àti ti inú ike. Iyàn èmi àti ìyàwó mi ni."

Ó tẹ̀ lé e wọlé. Bàbá kọjú sí ògiri, obìnrin náà pààrọ̀ ife, ó sì ní kó yíjú padà. Bàbá tọ́ méjèèjì wò, ó gbé omi kiri ẹnu. "Ti ọ̀tún yìí ni ti ẹ̀rọ. Mo mọ omi mi."

"Ti ike nìyẹn o, bàbá."

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ ọ̀kan, ó ṣi ọ̀kan. Ìyá aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín: òun ló jàre, kò síyàtọ̀! Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá kó lè pariwo rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀, kó tó rántí pé kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Ìyá aránṣọ rí i. Ó fa àga, ó jókòó. "Ká ní ìyàwó yín gbọ́, kí ni wọn ì bá sọ?"

Bàbá mi orí. "Kò ní gbà. Á ní ahọ́n mi ló ti darúgbó."

Nígbà tó yá, obìnrin náà padà sídìí aṣọ oníbàárà rẹ̀. Bàbá fọ ife méjèèjì, ó dojú wọn délẹ̀. Ó wá jókòó, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ẹ̀yìn ògiri, títí tí ìyẹn náà fi dákẹ́.