Káàdì Tó Ń Jẹ́ Kan, Tó Tún Ń Jẹ́ Mọ́kànlá

Àǹtí kan tó yá yàrá nínú ilé wa ní Máfolúkù ló mú mi débẹ̀. Wọ́n ń gbé ọtí fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Òmìnira ò tíì pé ọdún méjì. Mo ti jáde ní ilé ìwé mọ́dà, mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìsọlọ̀, Àǹtí sì ti ṣàkíyèsí pé n kì í fi ìka ṣírò.

Wọ́n ní, "Wọ́n fẹ́ ṣí kasínò sí òtẹ́ẹ̀lì wa, wọ́n sì ń wá ọmọbìnrin tó mọ ìṣirò. Wọn ò ní kó o ta tẹ́tẹ́ o. Wàá kàn máa pín káàdì fáwọn tó ń ta á ni."

"Kí ni kí n sọ fún Bàbá?"

"Sọ pé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Bàbá mi kì í pa ìrun kan jẹ, n ò sì láyà láti dárúkọ tẹ́tẹ́ létí wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kúkurú kan, ọ̀gá ibẹ̀, ló ń kọ́ mi. Imú ló fi ń sọ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Àǹtí sì dúró tì mí láti máa túmọ̀. Ó ní ẹni tí àròpọ̀ káàdì rẹ̀ bá sún mọ́ mọ́kànlélógún jù ló jẹ, ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ti jóná. Ìyẹn yé mi. Ó wá gbé káàdì ọba kalẹ̀, ó ní mẹ́wàá ni. Ayaba, mẹ́wàá. Ìránṣẹ́ wọn, mẹ́wàá náà ni.

"Àǹtí, ẹ bá mi bi í. Ṣé ọba àti ìránṣẹ́ rẹ̀ wá dọ́gba ni?"

Wọ́n bi í. Òyìnbó wò mí, ó ní, "Yes," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Káàdì tí wọ́n ń pè ní éèsì ló wá da orí mi rú pátápátá. Ó ní kan ni, ó tún ní mọ́kànlá ni.

"Bí mọ́kànlá bá máa mú ọ jóná, kan ni," Àǹtí ṣàlàyé. "Bí kò bá ní mú ọ jóná, mọ́kànlá ni."

"Ta ló ń sọ fún un pé kó yí padà?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣáà máa kà á."

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo rán apá bùbá kan mọ́ ibi ọrùn. Ìyá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ bi mí bóyá ọkùnrin kan ló ń dà mí láàmú.

Ní ọjọ́ Ajé kejì, ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó, ó ní kí n pín káàdì. Tirẹ̀ jẹ́ méjìdínlógún, ó ní ó tó òun. Mo ṣí tèmi: éèsì àti mẹ́fà. Wọ́n ti kọ́ mi pé bí ti ẹni tó ń pín in ò bá tó mẹ́tàdínlógún, kó mú sí i. Bó bá ti tó, kó dúró. Mo ka éèsì sí kan, ó jẹ́ méje. Mo mú káàdì, mẹ́sàn-án ni. Mo tún mú, márùn-ún. Mọ́kànlélógún! Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Àǹtí túmọ̀ ohun tí ọ̀gá wí: "Ó ní o ti ní mẹ́tàdínlógún tẹ́lẹ̀. Ó ní ó yẹ kó o dúró."

"Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró, ó máa jẹ mí!"

"Ó ní ó yẹ kí òun jẹ ọ́. Ó ní ìwọ kọ́ ló ń yàn, òfin ló ń yàn."

Mo jẹ, mo sì jẹ̀bi. Síbẹ̀ ó gbà mí síṣẹ́, ó fún mi ní búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Aṣọ yẹn ni Bàbá rí tí wọ́n fi bi mí léèrè, n ò sì lè parọ́ mọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Bàbá wá bi mí pé:

"Bí ẹni tó ń pín in kì í bá yan nǹkan kan, kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"N ò mọ̀, sà."

"Àwọn tó ń ta á ńkọ́? Ṣé ó yé wọn?"

"N ò rò bẹ́ẹ̀, sà."

Bàbá ní kí n dá aṣọ òtẹ́ẹ̀lì náà padà. Mo sunkún, torí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi bọ̀ ni. Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí gba aṣọ náà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì. Wọn ò bínú. Wọ́n ní àwọn á sọ pé ara mi ò yá. Mo rìn kọjá ojú irin Òṣòdì, mo gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, n ò sì mọ̀ bóyá inú mi dùn ni àbí ó bàjẹ́.